Okùn Ara Èèpo Ìwé

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkọ̀ ojú omi wa ń gbé ìwé lọ sí erékùṣù:
ní oṣù kẹsàn-án, kí òkùnkùn tó gba ojú ọ̀run,
àti ní oṣù kẹta, nígbà tí yìnyín etí omi bá ń fọ́ bí èèpo ẹyin.
Èmi ni mo ń to ìwé, èmi náà ni mo ń po kọfí.

Torí kọfí ni Torleif Haugsbø fi ń wá.
Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò yá ìwé kan rí.
Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi á máa kán lára bàtà rẹ̀,
á ní, "Åshild, ìwé tiyín wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́,
èmi náà wà níbí jẹ́jẹ́,
a ò bára wa jà."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìwé a máa ṣọdẹ.
Kì í sáré, kì í hó,
ó kàn ń kọjú síta lórí pẹpẹ ni,
bí ọmọge ojú fèrèsé tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa.
Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀:
èyí tó wọ aṣọ eérú ń gbó lọ, ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó,
èyí tó wọ pupa, ọwọ́ mẹ́wàá ti kàn án kí n tó mú káàdì.
Mo sì ti rí aláwọ̀ mèremère
tí inú rẹ̀ ṣófo bí àgbá ẹja lóṣù tí ẹja kò sí.

Ní oṣù kẹsàn-án yẹn, ojú Torleif bà lé ọ̀kan.
Ọkọ̀ pupa lórí omi aláwọ̀ ewé,
okùn kan so ó mọ́ òpó èbúté.
Ó gbé kọfí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.
"Ta ló ya eléyìí?
Ẹni yìí ò so ọkọ̀ rí láyé ẹ̀!
Kókó yìí, atẹ́gùn lásán ni yóò tú u."
Inú bí i gan-an ni.
Ó ní òun á gbé e lọ sílé,
kí òun lè mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ gọ̀ tó ẹni tó yà á.

Oṣù kẹta, ó dé. Kò béèrè kọfí.
"Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀," ó ní.
"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ọkọ̀ kankan.
Àgùntàn ni. Àgùntàn àti obìnrin kan."
Ó dákẹ́.
"Gunnvor," ó ní,
bí ẹni ń dárúkọ aládùúgbò tó jẹ ẹ́ lówó.
"Olóríkunkun! Wọ́n fowó bẹ̀ ẹ́ kó ta ilẹ̀, ó kọ̀.
Àlùfáà wá bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní bísíkíìtì,
ó sì nawọ́ sí ọ̀nà fún un. Ó dùn mọ́ mi nínú.
Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ padà wá lóru, nínú òjò dídì,
ó kan ilẹ̀kùn,
obìnrin yẹn sì dúró, ọwọ́ lórí ìdábùú, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò ṣí i.
Åshild, kí ló dé tí kò ṣí i?
Mo pariwo mọ́ ọn. Èmi nìkan, nínú ilé ìdáná,
mo ń pariwo mọ́ ìwé."

Gbogbo erékùṣù ló mọ̀ pé Torleif ní ọmọkùnrin kan ní Bergen.
Ọdún kọkànlá rèé.
Mo bu kọfí fún un. N kò sọ nǹkan kan.

Èèpo ló fà á lọ́wọ́, èèpo sì parọ́ fún un.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá nínú ilé kì í ṣe irọ́:
ẹni tí kò jẹ rí, tí kò mu rí, tí ìyá kankan kò bí,
òun ló jókòó ti iná àgbàlagbà láti ọjọ́ yẹn,
tó kọ̀ tí kò dìde.

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó rí i:
ó ti fi pẹ́ńsù tún okùn ara èèpo yẹn so.
Kókó apẹja, ìlọ́po lórí ìlọ́po,
ó mú ọkọ̀ pupa náà mọ́ òpó pinpin.
Òfin ní kí n pa á rẹ́. N kò pa á rẹ́.

Ní erékùṣù kejì, ọmọdébìnrin kan, Eldbjørg,
kọjá lára aláwọ̀ wúrà, ó kọjá lára ti ẹlẹ́ṣin,
ó fi ìka tọ ipa pẹ́ńsù náà, ó tọ̀ ọ́ yípo.
"Ta ló so ọkọ̀ yìí?" ó bi mí.
"Ṣé ó wà nínú ẹ̀?"